Fídíò Tí Mo Ti Ń Hanrun

Èèyàn á jí láàárọ̀, kò tíì bọ́jú, kò tíì fọ ẹnu, á ti nawọ́ mú fóònù, á sì ti máa kí gbogbo ayé. Irú ọ̀rẹ́ tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ nìyẹn. Ike ló ń tà: kẹ́ẹ̀gì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ ìwẹ̀. Epo pupa lèmi ń tà. Ṣọ́ọ̀bù wa fara ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Ore níbí, débi pé bó bá sín, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra epo lọ́dọ̀ mi á kọ́kọ́ ra kẹ́ẹ̀gì lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá ra kẹ́ẹ̀gì lọ́dọ̀ rẹ̀, òun á júwe ọ̀dọ̀ mi fún un. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, kó tó wá di pé a ò lè jẹun láìpe ara wa.

Àlàájà ni gbogbo gáréèjì ń pè é. Kò tíì dé Mẹ́kà o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo sítétọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù láàárọ̀, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Àdúrà ló máa ń kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, ìrẹsì tó jẹ. Lẹ́yìn ìrẹsì, tírélà tó ṣubú lójú títì márosẹ̀. Lẹ́yìn tírélà, ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni tó sọnù. Lẹ́yìn ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ tó ní kí a fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kí ire tó wọlé, tí mo máa ń fi ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí kò fẹ́ ire. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó kù èmi.

Èmi gan-an ni ọjà tó ń tà jù níbẹ̀. Bí mo bá ń rọ epo, ó ti yà mí. Bí mo bá ń jẹun, ó ti yà mí. Bí mo bá ń bá oníbàárà jiyàn, tí iṣan ọrùn mi ta gbọ̀ọ̀rọ̀, á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, á na fóònù sí mi, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Elépo mi rèé o, akíkanjú obìnrin!" Kí lèèyàn ń fi akíkanjú ṣe nígbà tí gèlè rẹ̀ ti wọ́ lọ sẹ́yìn orí?

Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn àwòrán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ obìnrin tó ti tó báyìí lọ. Àwòrán tí mo fẹ́ ni èyí tí mo ti pa atíkè, tí mo fa ikùn sínú, tí mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ọrùn mi lè gùn. Ọrùn mi kò gùn. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé orí mi jókòó lé èjìká mi bí ìkòkò ṣe ń jókòó lórí ààrò. Ṣùgbọ́n àṣírí èmi àti dígí ni mo pè é, n kò mọ̀ pé Àlàájà ti pín in fún gbogbo ayé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Màámi fún yín níbí, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí padà já lé. Ajue ni Màámi ń gbé, nínú oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí, èmi nìkan ló kù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, wọ́n fi pa mọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ẹ mọ̀ pé a kì í dédé já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá. Wọ́n á ní ara ọmọ náà kò yá díẹ̀. Bó bá béèrè, wọ́n á ní, "Ó wà, ẹ ṣáà máa gbàdúrà." Wọn ò ní dárúkọ ọmọ náà mọ́. Tó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ túfọ̀, àwọn àgbà ilé á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jókòó yí i ká, ohùn wọn á wálẹ̀. Nígbà tó wá kan àbúrò mi obìnrin, wọn ò tíì jókòó tán tí Màámi fi sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, òun ti mọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba ìyá mi láyé yìí: kí wọ́n má tún wá jókòó yí òun ká nítorí tèmi.

Ore sí Ajue kò jìnnà. Ọ̀kadà wà, mọ́tò wà. Ṣùgbọ́n ẹ kúkú mọ ọlọ́jà: ọ̀la ni mo ń lọ, ọ̀la ni mo ń lọ. Mo máa ń pe Màámi lọ́jọ́ Ìsinmi, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà, bí mo bá rántí. Orí fóònù ìyàwó àbúrò bàbá mi, ẹni tí mo ń pè ní bàbá mi kékeré, ni mo ti máa ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí Màámi kò ní fóònù, ó ní nǹkan tó ń dún lápò èèyàn kò yẹ àgbà. Ìyàwó náà ti ra kẹ́ẹ̀gì rí lọ́wọ́ Àlàájà, àwọn méjèèjì sì ti gba nọ́ńbà ara wọn. Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, oòrùn mú ganrínganrín, kò sí oníbàárà, mo fara lé bẹ́ǹṣì kí n sinmi díẹ̀. Ariwo ẹ̀rín ló jí mi. Àwọn awakọ̀ dúró sí iwájú gáréèjì, wọ́n kó orí jọ sórí fóònù kan. Ọ̀kan rí mi, ó ní, "Ìyá elépo, ẹ kú oorun o!" Èkejì fi imú ṣe "họọ̀ọ̀n-họọ̀ọ̀n" bí ẹlẹ́dẹ̀. Mo gba fóònù náà wò. Áà! Èmi ni! Kì í tilẹ̀ ṣe àwòrán, fídíò ni. Ẹnu mi là gbàgà, gèlè mi ti bọ́ sílẹ̀, itọ́ wà létí ẹnu mi, mo sì ń hanrun kíkankíkan. Àlàájà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá ní ata tó fẹ́ lọ̀, kó gbé e wá, ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì."

Mo kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ láìwọ bàtà.

"Ṣé mo kú ni, tí o fi wá dúró lé mi lórí tí o ń ya mí lójú oorun?"

"Ẹ̀rín ni mo ní kí wọ́n rín," ó ní, ó sì ń rín in fúnra rẹ̀. "Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Wo iye ẹni tó ti wò ó!"

"Iye ẹni tó ti wò ó ni o tún ń kà fún mi? Ó dáa. Láti òní lọ, bí o bá tún gbé ojú mi sórí fóònù yẹn, ojú mi o, ẹsẹ̀ mi o, àní òjìji mi lásán, èmi pẹ̀lú rẹ ni. Má sì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, o ò mọ̀ mí!"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kò burú," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Ìṣòro Àlàájà nìyẹn: bó bá ti ní òun gbọ́, ó gbọ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo ìwà ọlọgbọ́n. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀rọ̀ kò tíì tán nínú mi. Ẹni tí ògiri pákó kan ṣoṣo wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ̀, tí mo bá wúkọ́ ó máa gbọ́, òun ni mo ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí lórí fóònù, kí ó lè ka èébú náà ní àkàtúnkà. Mo dúró lẹ́bàá àgbá epo tó ṣí sílẹ̀, mò ń fi àtàǹpàkò olómi epo tẹ fóònù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí mo ti fẹ́ bú ìran ìyá rẹ̀ ni fóònù náà yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó di inú àgbá. Kò tilẹ̀ dún. Ìgbákọ ni mo fi wá a jáde.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe. Ó gbé e sókè, epo ń kán tótó. Ó ní, "Màmá, omi ló ń gbẹ. Epo kì í gbẹ." Ó ní kí n fi sílẹ̀ kí òun gbìyànjú. Mo fi sílẹ̀. Mo ní ta ló ń wá mi? Tí mo bá tilẹ̀ fẹ́ pe Ajue, nọ́ńbà kankan kò sí lórí mi, tèmi gan-an mo máa ń wò ó lára ògiri ni. Ẹni tó ní nọ́ńbà ìyàwó yẹn ní ìtòsí ni Àlàájà, èmi àti Àlàájà kò sì jọ ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó le kú ìjà Ore, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Àwọn tó ń wí i kò tíì rí ìjà tèmi pẹ̀lú Àlàájà. Orí oníbàárà la ti ń ja tiwa. Màá ní, "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ta kẹ́ẹ̀gì yìí fún yín pé ó ń jò." Òun náà á dáhùn látòdì kejì pé, "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń rọ epo fún yín pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n." Oníbàárà á dúró láàárín, á máa yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Oúnjẹ ọ̀sán wá di iṣẹ́. Mo ń dá jẹun, kò sì dùn, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ariwo kí ó lè gbọ́ pé ó dùn.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu jù ni pé n kò mọ ohun tó ń gbé sórí fóònù mọ́. Mo bi awakọ̀ kan, mo ṣe bí ẹni tí kò kàn, mo ní kí ni Àlàájà tún gbé síbẹ̀ lónìí? Ó wò ó, ó ní, "Dúdú lásán ni, Ìyá elépo. Kò sí àwòrán, kò kọ nǹkan kan." Inú mi dùn. Mo ní ó ń dùn ún nìyẹn, kó máa dùn ún lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sẹ́yìn àwọn àgbá, mò ń jẹ àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn, ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi kékeré ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú ìrọ́jú." Mo tún gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ àti ti àgbà ilé wa kan. Mo ní hẹn-ẹn! Àlàájà ti ránṣẹ́ sílé wa! Ó ti pe àwọn èèyàn mi kí wọ́n wá bá òun bẹ̀ mí. Ṣé kí n jáde ni? Èmi kẹ̀! Mo tún ara mi jókòó dáadáa. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀, kí wọ́n bẹ̀ títí, kí n tó mọ̀ bóyá mo gbọ́.

Àlàájà náà rò bí mo ṣe rò. Ó rí àgbà ilé wa tí wọ́n tò wá sójú ọ̀nà, ó ní èmi ni mo lọ fẹjọ́ òun sùn. Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Èmi ni mo fà á. Eré ni mo pè é, n ò mọ̀ pé ó máa débi báyìí."

Bàbá mi kékeré ní, "Ẹ dìde. Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. A ò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni." Ó wá bi í pé, "Níbo ló wà báyìí?"

Àlàájà ní, "Ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn ló wà. Láti àárọ̀ ni kò ti sọ̀rọ̀."

Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e kì í ṣe ohùn bàbá mi kékeré. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé Màámi bá wọn wá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti gbọ́ igbe yẹn rí láyé mi, ọjọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi àti ọjọ́ ti àbúrò mi. Ara mi ti mọ ohun tó jẹ́ kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Àgbàdo wà lẹ́nu mi, mo sáré jáde, mo kọlu kẹ́ẹ̀gì tó wà lórí àgbá, epo dà sí mi láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì bọ́ sí ìta báyẹn.

Ìyàwó bàbá mi kékeré figbe ta, ó sá sẹ́yìn Àlàájà. Bàbá mi kékeré na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. "Dúró níbẹ̀!" ó ní, ó sì ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kanlẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wí nípa àkúdàáyà, ẹni tó kú sílé tó tún ń tajà nílùú mìíràn. Obìnrin tó pupa fòò láti òkè délẹ̀, tí àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀, tó yọ láti ẹ̀yìn àgbá nígbà tí wọ́n ń béèrè òkú rẹ̀! Èmi náà ì bá sá fún ara mi.

Màámi nìkan ni kò sá. Orí ilẹ̀ ló wà, gèlè rẹ̀ ti bọ́. Ó dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Bàbá mi kékeré ní, "Ìyàwó wa, ẹ rọra o, a ò tíì mọ ohun tó jẹ́!" Èdè Ìkálẹ̀ ni Màámi fi dá a lóhùn, kò sì sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ kó dún bó ṣe dún. Ohun tó wí ni pé, "Bó bá jẹ́ òkú, èmi ni mo ni òkú náà."

Ó dì mọ́ mi pẹ̀lú epo lára mi. Lẹ́yìn náà ló fi mí sílẹ̀, ó wò mí lójú, ó sì gbá mi létí. Ó wá tún dì mọ́ mi.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, tí Àlàájà ti gbé ìjókòó jáde, ni ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Wọn ò rí mi lórí sítétọ́ọ̀sì Àlàájà mọ́. Wọ́n pè mí, kò wọlé. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Àlàájà, wọ́n ní ọmọ àwọn ńkọ́? Àlàájà tí mo ti ní kó má dárúkọ mi, ó ronú, ó ronú, ó sì dá wọn lóhùn pé, "Ó wà. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà." Ní ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, wọ́n ṣí sítétọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n bá a dúdú lásán, bí ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ ká rò?" ni bàbá mi kékeré ń bi gbogbo gáréèjì. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa àwọn awakọ̀. "Kí lẹ fẹ́ ká rò?"

Mo rí i pé ó ti tó àkókò láti jàre. Mo kọjú sí Àlàájà. "Ṣé o rí nǹkan tí fóònù rẹ fà? Ṣé o rí i?" Mo ń retí kí Màámi gbè mí lẹ́yìn.

Màámi náà kọjú sí i. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò fi ọmọ mi hàn mí mọ́?"

Ìka ni Àlàájà fi tọ́ka sí mi. Gbogbo wọn sì wá ń wò mí.

Mo ní, "Màámi, ẹ ò mọ ohun tó ṣe fún mi ni. Mo ń sùn jẹ́jẹ́ mi..."

"Mo rí i," Màámi ní.

Mo fi ọwọ́ bojú. Ó kù ẹni tí kò tíì rí i.

Àlàájà ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Àwọn àwòrán tó ti dúró gbagidi, tó ti ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń wò ó, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá ti èṣí ni? Wọ́n fi àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn mí bẹ́ẹ̀ nígbà tó ti wà nínú ilẹ̀. Èyí tó ti ń sùn yẹn, mo ní kí ìyàwó tún fi hàn mí, mo tún ní kó tún fi hàn mí. Mo rí àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo gbọ́ ìmí rẹ̀. Mo gbé fóònù náà sétí títí iná rẹ̀ fi kú. Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà sùn."

Ẹkún gbọ̀n mí. Màámi fi etí ìró rẹ̀ nu epo lójú mi, ó ní kí n lọ wẹ̀, mo ń bá ìró òun jẹ́. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò padà sí Ajue, ó pe Àlàájà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Máa yà á. Bó bá ń bínú, yà á tìbínú tìbínú."

Fóònù yẹn kò jí mọ́, òmíràn ni mo rà. Ẹ ó rò pé mo ti wá ń lọ sí Ajue lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí. Mo ti lọ o, kò tó iye tó yẹ. Ọ̀la ni mo tún ń lọ.

Àlàájà kò yí padà. Ìrẹsì rẹ̀, tírélà rẹ̀, ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, gbogbo rẹ̀ ló ṣì ń gbé síbẹ̀, inú sì ń bí mi bó ṣe máa ń bí mi. Ní ọ̀sán àná, oòrùn mú, kò sí oníbàárà. Mo gbọ́ tó dìde lórí ìjókòó rẹ̀, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń bọ̀. Oorun kankan kò kùn mí. Mo sáré fara lé bẹ́ǹṣì, mo la ẹnu, mo gbé àyà sókè dáadáa kí ó lè hàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí hanrun.